Bàbá Tó Ń Mú Òkú Àgbò Ké

Láti ọjọ́ tí a ti sin bàbá tó bí bàbá mi, gbogbo ẹni tó wọlé wá kí mi ló ń sọ pé èèyàn dáadáa ló lọ. Mo ń dáhùn pé ẹ ṣeun. Irọ́ ni wọ́n ń pa, èmi náà sì ń bá wọn pa á. Bàbá kì í ṣe èèyàn dáadáa. Alápatà ni, ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dójú àmì, kì í fi ìrun ṣeré, kò sì sí ẹnì kan ní ọjà Ìkàrẹ́ tó lè sọ pé ó ta òkú ẹran fún òun rí. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ mú ju ọ̀bẹ rẹ̀ lọ, àràárọ̀ ló sì ń pọ́n àwọn méjèèjì.

Èmi ló tọ́ dàgbà, èmi náà ni mo sunkún kéré jù níbi ìsìnkú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Èèyàn kúkúrú ni, àyà rẹ̀ gbòòrò, ọrùn rẹ̀ nípọn. Ẹ̀mí tó wà nínú àyà yẹn kì í ṣe kékeré. Bí ó bá dúńbú àgbò tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dà tán, á la ihò kékeré sí i lẹ́sẹ̀, á fi ẹnu síbẹ̀, á máa fẹ́ atẹ́gùn sí i títí awọ á fi yọ kúrò lára ẹran, tí àgbò á wú tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á nà sókè. Àwọn alápatà tó kù ti ń lo póòǹpù kẹ̀kẹ́. Lójoojúmọ́ ló ń bú wọn. Wọ́n ní, “Bàbá, ayé ti là.” Ó ní, “Ẹni tó bá fi póòǹpù fẹ́ àgbò, kó lọ fi póòǹpù gbàdúà.”

Ṣùgbọ́n ohun tí gbogbo Ìkàrẹ́ mọ̀ ọ́n fún kì í ṣe èyí. Bó bá rí i pé àwọn oníbàárà ń sọ̀rọ̀ jù níwájú tábìlì rẹ̀, tàbí tí ara rẹ̀ bá yá láti dẹ́rù ba èèyàn, á yọ gògóńgò àgbò jáde lódidi, pẹ̀lú ọ̀nà ọ̀fun tó gùn tó ìka mẹ́rin nísàlẹ̀ rẹ̀. Á fi omi ṣàn án dáadáa. Á já ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ, èyí tó ní ihò nínú, á kì í bọ ọ̀nà ọ̀fun náà láti ìsàlẹ̀, á fi okùn dì í pinpin. Bó bá fẹ́ ẹ báyìí, fùùù lásán ni ẹ ó gbọ́. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn gògóńgò náà lókè, eegun rírọ̀ kéékèèké méjì wà níbẹ̀. Bàbá á fi àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀ lé e fún àwọn méjèèjì pọ̀, á tún fẹ́ ẹ. Òkú àgbò á wá ké.

Kì í ṣe ohun tó jọ ọ́ o. Ó ké ni. Orí àgbò náà wà lórí tábìlì, ẹnu rẹ̀ pa dé, igbe rẹ̀ sì ń jáde ní ọwọ́ alápatà. Mo rí ìyàwó ilé kan láti Ọ̀kà tó ju agbọ̀n rẹ̀ sílẹ̀ tó sì sá dé ẹnu ọ̀nà ọjà kó tó rántí pé òun gbé ọmọ pọ̀n. Ó padà wá, ó ní, “Bàbá, ẹ ò bẹ̀rù Ọlọ́run. Ẹ ń mú òkú sọ̀rọ̀!” Bàbá nu ètè rẹ̀. Ó ní, “Òkú kọ́ ló ń sọ̀rọ̀. Èmi ni mò ń mí.”

Kò ka ìwé kankan yàtọ̀ sí ti kéú, ṣùgbọ́n òun ni tíṣà fisíìsì tí mo kọ́kọ́ ní. Ó máa ń gbé gògóńgò náà sí ìmọ́lẹ̀ kí n lè wo inú rẹ̀ láti òkè. Awẹ́ ẹran tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ló wà níbẹ̀, wọ́n funfun, wọ́n tutù, wọ́n kọjú sí ara wọn. Ó ní ilẹ̀kùn aláwẹ́ méjì nìyẹn. “Atẹ́gùn ti ìsàlẹ̀ bọ̀, ó bá ilẹ̀kùn ní títì. Kí ló máa ṣe? Á fi agbára tì í. Ilẹ̀kùn á ṣí. Bí atẹ́gùn bá ti já kọjá, awẹ́ méjèèjì á tún padà pàdé. Atẹ́gùn á tún dé. Ó ṣí, ó tì, ó ṣí, ó tì, á yára títí etí rẹ ò fi ní lè kà á mọ́. Ohun tí etí ò lè kà yẹn, òun là ń pè ní ohùn.” Bó bá fa awẹ́ náà kó le, igbe á tín-ín-rín. Bó bá dẹ̀ ẹ́, á ki. Nígbà ọyẹ́, bí gògóńgò bá ti gbẹ díẹ̀, kò sí bó ṣe lè fẹ́ ẹ tó, kò ní dún. Á da omi sí i, á bú u bí ẹni bú ọmọ: “Ilẹ̀kùn gbígbẹ, ta ló máa bá ọ kọrin?”

Ìmọ̀ yìí ló fi ń ṣèkà. Ládàánì mọ́ṣáláṣí wa, bàbá arúgbó kan tó ti ń pe ìrun kí wọ́n tó bí bàbá mi, ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ha lọ́jọ́ ogbó. Gbogbo èèyàn gbọ́ ọ, gbogbo èèyàn dákẹ́. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, bí a ṣe ń wọ bàtà lẹ́yìn ìrun, Bàbá pè é láàárín èrò. “Ládàánì, ilẹ̀kùn yín ò pàdé dáadáa mọ́. Afẹ́fẹ́ ń jò láàárín. Ìdajì ìpè yín, ẹ̀mí lásán ni. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn pè é.” Ojú ti arúgbó náà. Kò pe ìrun mọ́ láti ọjọ́ náà títí tó fi kú. Nígbà tí ìyàwó Bàbá, ìyá mi àgbà tí mo ń pè ní Ìyá, bá a wí nílé pé ṣé bí wọ́n ṣe ń bá àgbàlagbà sọ̀rọ̀ nìyẹn, ó ní, “Òótọ́ ni mo sọ fún un. Bó bá fẹ́ irọ́, ìyàwó rẹ̀ wà nínú ulé.”

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń pè é, “ulé,” bí àwọn àgbà Ìkàrẹ́ ṣe ń pè é. Mo ṣì ń gbọ́ ọ.

Mo ní láti sọ ti ìdákẹ́jẹ́ mi báyìí, torí òun ló bí èyí tó kù.

Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà tí búrẹ́kì ọkọ̀ bàbá mi já ní ìsọ̀kalẹ̀ òkè Ọ̀kà. Mo jókòó tì í níwájú ọkọ̀. Wọ́n ní àwọn ará oko gbọ́ igbe mi láti orí òkè títí dé ìsàlẹ̀ níbi tí ọkọ̀ ti lọ kọlu àpáta. Bàbá mi kú síbẹ̀. Èmi, wọ́n yọ mí jáde, apá mi nìkan ló bó. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, n ò sọ̀rọ̀ mọ́. Ìyá mi padà sí Etioro lọ́dọ̀ àwọn èèyàn rẹ̀, nígbà tó yá ó fẹ́ ẹlòmíràn. Mo wá di ti Bàbá.

Ní ọsibítù wọ́n ní kò sí ohun tó ṣe ọ̀fun mi. Bàbá ò gba dókítà gbọ́ títí tí òun fúnra rẹ̀ fi wò ó. Ó fi ìka méjì lé gògóńgò mi, ó ní kí n mí, ó ní kí n gbé itọ́ mì, ó tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún, bó ṣe ń yẹ ẹran wò lọ́jà. Ó ní, “Kò sí ohun tó ṣe ilẹ̀kùn rẹ̀. Òun ló kọ̀ láti tì í.”

Àràárọ̀ ni mo ń jókòó níwájú rẹ̀. Á fi ìka méjì lé mi lọ́rùn, á ní, “Sọ̀rọ̀.” Ọrùn mi kò ní gbọ̀n. Á mú ìka rẹ̀ kúrò, á lọ síbi iṣẹ́. Nígbà tó yá, ó yọ orúkọ mi kúrò lẹ́nu rẹ̀. Kúdírá ni wọ́n sọ mí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Odi. “Odi, bu omi wá.” “Odi, ta ni mo ní kó gbálẹ̀?” Ìyá á máa bẹ̀ ẹ́ pé kó rọra, pé ọmọ òkú ni. Ó ní bí mi ò bá fẹ́ orúkọ náà, kí n la ẹnu sọ ọ́.

Ẹni kan ṣoṣo tí mo ń bá sọ̀rọ̀ ni Jẹ́jẹ́. Àgbò ni. Ọ̀rẹ́ Bàbá kan wà ní Afin tí a ń pè ní Bàbá Tìmótì, Kìrìsìtẹ́nì ni, àgbẹ̀ tó ń sin àgbò tó sì ń kó wọn wá fún Bàbá. Òun ló mú un wá ní ọmọ jòjòló tí ìyá rẹ̀ kú, Bàbá sì jù ú sí mi lọ́wọ́. “Odi, gba ẹnìkejì rẹ.” Èmi ni mo fún un ní wàrà inú ìgò. Èmi ni mo fi aṣọ pupa ṣe okùn ọrùn rẹ̀. Ìgbà tí ìwo rẹ̀ yọ, ó fi èyí tó wà lósì kan ọlọ Ìyá, ṣóńṣó rẹ̀ sì dá. Mo máa ń fi ẹnu sí i létí, mo máa ń sọ gbogbo ohun tí mo rí nínú ọkọ̀ fún un, ṣùgbọ́n wúyẹ́wúyẹ́ ni, kò sí ohùn nínú rẹ̀. Bàbá ká mi mọ́bẹ̀ lọ́jọ́ kan. Inú Ìyá dùn, ó ń pariwo pé ọmọ ti sọ̀rọ̀. Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka rẹ̀ méjì lé mi lọ́rùn bí mo ṣe ń sọ ọ́ lọ, ó sì mi orí. “Kì í ṣe ọ̀rọ̀. Afẹ́fẹ́ ń kọjá, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ò tì.”

Ọ̀gá ilé ìwé wa ránṣẹ́ pè é kí Iléyá ọdún náà tó dé. Wọ́n ní àwọn ò lè máa tọ́jú ọmọ tí kì í dáhùn. Wọ́n ní ilé ìwé àwọn odi wà lọ́nà jíjìn, kí a kó ẹrù mi lẹ́yìn ọdún kí a mú mi lọ síbẹ̀. Ìyá sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Mo sá lọ sẹ́yìnkùlé, mo di Jẹ́jẹ́ lọ́rùn mú. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, ọ̀bẹ ni Bàbá ń pọ́n.

Lọ́jọ́ Iléyá, èmi àti Ìyá ti Yídì dé, mo sáré lọ sẹ́yìnkùlé kí n lọ fi aṣọ tuntun mi han Jẹ́jẹ́. Kò sí níbi èèkàn rẹ̀. Bàbá tó ti ṣáájú wa ti Yídì dé ló wà níbẹ̀, ó wọ aṣọ iṣẹ́, ẹ̀jẹ̀ wà nílẹ̀, wọ́n ti bó àgbò kan kọ́ sórí igi, orí rẹ̀ ò sí níbẹ̀. Okùn aṣọ pupa tí mo fi ọwọ́ ara mi hun wà nínú ẹ̀jẹ̀ náà. Gògóńgò wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti ki ọ̀pá ìbẹ́pẹ bọ̀ ọ́.

Ó ní, “Odi, sún mọ́ ibí. Ọ̀rẹ́ rẹ fẹ́ kí ọ pé ó dàbọ̀.”

Ó fún un pọ̀. Ó fẹ́ ẹ. Ó ké.

Mo mọ ohùn náà. Ohun tí mo ń sọ fún gbogbo èèyàn láti ọjọ́ náà nìyẹn, mo lè fi Kùránì búra: ohùn Jẹ́jẹ́ ni. Bàbá tún fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kejì. Ó ní, “Ó ń pè ọ́. Ṣé o ò ní dá a lóhùn ni?” Ó tún fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kẹta, ó fà á gùn, ó ń wò mí lójú bó ṣe ń fẹ́ ẹ.

Mo lọgun. Igbe tí mo gbé mì ní ìsàlẹ̀ òkè Ọ̀kà ló jáde. Lẹ́yìn igbe ni ọ̀rọ̀ dé. “Bàbá ìkà! Bàbá burúkú! Ọlọ́run á bi yín! Ọlọ́run á bi yín!” Ìkòkò já bọ́ lọ́wọ́ Ìyá. Mo ń lu Bàbá níkùn, mo ń bú u, n ò tíì gbọ́ irú èébú bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ara mi rí. Ó jẹ́ kí n máa lù ú. Ó fi ìka rẹ̀ méjì tó lẹ́jẹ̀ lé mi lọ́rùn, ó di ojú. Ó ní, “Ilẹ̀kùn ti tì. Alihamudulilahi. Máa bú mi lọ. Má dákẹ́.”

N ò lọ sí ilé ìwé àwọn odi. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ó fi mọ síbẹ̀. Fún oṣù mẹ́ta, bó bá ti rí i pé mo ń wolẹ̀, tí mo fẹ́ padà sínú ìdákẹ́jẹ́, á bẹ̀rẹ̀. “Àyà ọ̀rẹ́ rẹ yẹn lọ́ràá o.” “Ìyá, ṣé egungun Jẹ́jẹ́ ò kù nínú ìkòkò?” Mo máa fò sókè, mo máa bú u, á rẹ́rìn-ín, á máa bá oúnjẹ rẹ̀ lọ. Ìyá bi í léèrè níwájú mi pé irú èèyàn wo ni òun fẹ́ yìí. Ó ní, “Fi mí sílẹ̀. Ẹni tó ń bínú kì í dákẹ́.”

Inú bí mi títí mo fi parí sẹ́kọ́ńdìrì. Inú bí mi dé yunifásítì. Mo kàwé fisíìsì, n ò sì mọ̀ bóyá torí rẹ̀ ni tàbí torí kí n lè mọ ohun tó ṣe sí mi ju bí òun ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Ilé ìwé kan ní Ọ̀kà ni mo ti ń kọ́ni láti ọdún méjìdínlógún. Bí a bá dé orí ẹ̀kọ́ ìró, n kì í lo àwòrán. Mo máa ń ra gògóńgò àgbò, mo máa ń já ọ̀pá ìbẹ́pẹ.

Mo máa ń kọ́kọ́ mú bébà méjì, màá gbé wọn kọjú sí ara wọn, màá ní kí ọmọ kan fẹ́ atẹ́gùn sáàárín. Gbogbo ọmọ á rò pé àwọn bébà náà máa ṣí kúrò lára wọn. Ńṣe ni wọ́n máa lẹ̀ mọ́ra, torí atẹ́gùn tó bá ń sáré gba ojú ọ̀nà tóóró kì í ti ẹ̀gbẹ́ bó ṣe ń ti iwájú. Mo máa ní: nítorí èyí ni tán-án-ná, awẹ́ ẹran méjì inú ọ̀fun yín, ṣe ń padà pàdé lẹ́yìn tí èémí bá ti tì í ṣí, yàtọ̀ sí pé ẹran tó rọ̀ tó sì ń fà ni. Ti ọkùnrin tó dàgbà ń ṣí, ó ń tì, ní bí ọgọ́rùn-ún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ti obìnrin fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì rẹ̀. Bí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, kò pàdé rárá, ìdí nìyẹn tí ọrùn yín kì í fi í gbọ̀n. Màá ní kí wọ́n fi ọwọ́ kan ọrùn ara wọn kí wọ́n wò ó.

Lẹ́yìn náà màá fẹ́ gògóńgò náà, wọ́n á kígbe, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Màá sì sọ ohun tí mo ń sọ lọ́dọọdún fún wọn kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé: “Gògóńgò tí a gé kúrò lọ́rùn ò mọ orúkọ ẹni tó ni ín. Kíkùn lásán ló ń ṣe. Ọ̀fun, ẹnu àti imú ló ń sọ kíkùn yẹn di ohùn ẹnì kan. Ẹ kó gògóńgò àgbò mẹ́wàá jọ, ọ̀kan náà ni wọ́n máa dún létí yín.”

Ìyá kú, Bàbá fọ́jú. Ìyàwó ará ilé wa kan ló ń sè fún un. Mo máa ń gun ọ̀kadà láti Ọ̀kà wá sí Ìkàrẹ́ ní ọjọ́ Jímọ̀ kí n wò ó. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, mo rò pé àgbà ti dé sí i, pé ọkàn rẹ̀ á ti rọ̀. Mo jókòó tì í. Mo ní, “Bàbá, mo fẹ́ bi yín ní ọ̀rọ̀ kan, kí ẹ dá mi lóhùn bíi Mùsùlùmí. Jẹ́jẹ́ tí ẹ pa yẹn, ṣé ó dùn yín rí?”

Ó yí ojú rẹ̀ tó ti fọ́ sí mi. Ó ní, “Kí ló máa dùn mí? Mo pa á, mo jẹ ẹ́, mo fọ ẹnu. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ló dùn jù.” Ó wá dúró, ó gbọ́rùn sókè, ó ń retí pé kí n bú òun.

N ò bú u. Ara mi tutù pátápátá. Mo dìde, mo ní, “Ohùn tí ẹ fi ipá fà jáde lọ́rùn mi, Bàbá, ẹ ò ní gbọ́ ọ mọ́ títí ẹ ó fi kú.”

Mo sì ṣe é. Ẹ gbọ́ bí mo ṣe ṣe é dáadáa, torí ẹ̀ ń pè mí ní ọmọ rere. N ò pa Jímọ̀ kan jẹ. Mo ń gbé oúnjẹ wá, mo ń fọ aṣọ rẹ̀, mo ń gé èékánná rẹ̀, n ò sì sọ ọ̀rọ̀ kan. Afọ́jú ni. Ohùn nìkan ló fi ń mọ̀ pé èèyàn wà nínú yàrá. Á ní, “Ta nìyẹn?” Màá máa mí. Á ní, “Odi ti dé.” Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ń wá ìjà. Á bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀, á bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ọ̀rá, á ní ọ̀rẹ́ mi ṣì wà láàárín eyín òun. Màá máa ṣa aṣọ. Nígbà tó ṣe, ó dákẹ́ ẹ̀dọ̀. Á kàn jókòó, á kọ etí síbi tí mo wà. Inú mi ń dùn, n ò ní parọ́. Mo ń rò ó pé ó ti wá mọ bó ṣe ń rí.

Ní Jímọ̀ tó gbẹ̀yìn, ó na ọwọ́ síwájú, ó ń wá mi nínú afẹ́fẹ́. Mo lè sún sẹ́yìn. N ò sún. Ọwọ́ rẹ̀ kan èjìká mi, ó gòkè wá sí ọrùn mi, ó fi ìka méjì lé gògóńgò mi bó ṣe máa ń ṣe nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún méje. Ìka náà ti gbẹ. Ó ní, “Kúdírá.” Kò pè mí bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. “Kúdírá, sọ̀rọ̀.” Mo wo ojú rẹ̀ tó funfun. Mo mí jáde, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kó lè mọ̀ pé mo gbọ́. Ó dúró síbẹ̀ títí wọ́n fi pe ìrun Àsárì. Lẹ́yìn náà ó mú ìka rẹ̀ kúrò. Ó ní, “Afẹ́fẹ́ ń kọjá, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ò tì.”

Ó kú ní ọjọ́ Tusidé, a sin ín lọ́jọ́ náà.

Ọjọ́ kẹjọ la ṣe fídáù. Bàbá Tìmótì ará Afin wá. Ó ti darúgbó kùjọ́kùjọ́, ọmọ rẹ̀ ló gbé e lẹ́yìn ọ̀kadà. Yorùbá kì í ṣe èdè tó kọ́kọ́ sọ láyé, nítorí náà díẹ̀díẹ̀ ló ń mú ọ̀rọ̀ jáde. Ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó gbé àpò ọ̀rá kan lé mi lọ́wọ́. Ìwo àgbò méjì ló wà nínú rẹ̀. Ṣóńṣó èyí tó wà lósì ti dá.

Mo ní, “Níbo lẹ ti rí i?”

“Lára àgbò rẹ ni. Ọdún mẹ́fà ló lò nínú ulé mi. Àìsàn ló pa á.”

“Irọ́ ni, Bàbá. Wọ́n pa á níṣojú mi.”

“O bá a ní pípa ni. Ìyẹn, àgbò tèmi kan ni, mo mú un wá fún Iléyá. Àwa méjèèjì la tú okùn rẹ, la so ó mọ́ ọn lọ́rùn. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n tètè mú tìẹ gba ẹ̀yìn ulé lọ kí ẹ tó ti Yídì dé. Ó ní Kìrìsìtẹ́nì ni mí, pé kò sí Iléyá tó máa kan án lọ́dọ̀ mi.”

“Mo gbọ́ ohùn rẹ̀,” mo ní. “Bàbá Tìmótì, mo mọ ohùn Jẹ́jẹ́. Mo gbọ́ ọ.”

Kò pọn dandan kí arúgbó náà dá mi lóhùn. Ọdún méjìdínlógún ni mo ti ń sọ ìdáhùn rẹ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé. Ọmọ tó gbẹ̀yìn ní kíláàsì mi ì bá ti dá mi lóhùn.

Mo ní, “Ní ọdún méjì sẹ́yìn, mo bi í. Mo fi ẹnu ara mi bi í. Kí ló dé tí kò sọ fún mi?”

“Mo bá a jà lórí rẹ̀. Mo ní, ‘Ọ̀rẹ́ mi, sọ fún ọmọ yìí kí o tó lọ.’ Ó ní rárá. Ó ní ìbínú yẹn ló ń mú ọ sọ̀rọ̀ láti kékeré, bí òun bá mú un kúrò, o lè tún padà di odi. Mo ní, ‘Ṣé kò ti dákẹ́ báyìí?’ Ó ní, ‘Á tún bú mi. Máa wò ó. Ẹni tó ń bínú kì í dákẹ́.’”

Àwọn alùfáà ti ń parí àdúà. Ọ̀kan nínú wọn pè mí pé ọmọ tí Bàbá tọ́, kó wá sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa rẹ̀, kí a tó pín sàárà. Mo dìde, ìwo méjèèjì lọ́wọ́ mi. Mo la ẹnu. Èémí jáde, kò sí ohùn nínú rẹ̀. Mo tún gbìyànjú. Àwọn èèyàn ní ẹ fi í sílẹ̀, ẹkún ló gbé e lọ́fun, ọmọ rere ni. Mo jókòó.

Nígbà tí èrò lọ tán lọ́sàn-án, mo wọ yàrá rẹ̀. Mo jókòó síbi tí mo máa ń jókòó ní ọjọ́ Jímọ̀, mo fi ìka méjì lé gògóńgò ara mi. Ó pẹ́ kó tó dé. Mo ní, “Bàbá ìkà.” Mo tún un sọ, ó le sí i. “Bàbá burúkú, Ọlọ́run á bi yín! Ṣé ẹ gbọ́ mi báyìí?” Ó gbọ̀n lábẹ́ ìka mi. Mo bú u títí ohùn mi fi ha, kò sì sí ẹni tó ní kí n máa bú u lọ.